Ẹ̀bi Kámẹ́rà Ni Tàbí Ẹ̀bi Ojú?

Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí Yísà ọmọ Ìlọrin ti ń ya fọ́tò ní Minanata, títí àwọn ará Sókótó fi gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí Mai Hoto, ìyẹn ayafọ́tò lédè Hausa. Ẹni tó bá ti ya ìyá ìyàwó, tó ya ìyàwó, tó tún ya ọmọ tí ìyàwó bí, a kì í bi í léèrè bóyá ó mọṣẹ́. Àmọ́ láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni Táwà ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì tà, ti ń ṣọ́ ọ. Ó rí i tó bu iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà, tó sì mu ún tán kí wọ́n má baà fura. Lọ́jọ́ kan, ó kí káfútàànì tí wọ́n sá sórí okùn, ó ní, “Sannu, Alhaji,” ó sì dúró kí Alhaji dáhùn.

Táwà ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn ojú. Yísà kọ̀ jálẹ̀. Bí ìlú bá gbọ́ pé ojú ń yọ mai hoto lẹ́nu, ta ni yóò tún wá jókòó síwájú rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi ń bò ó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí nígbà tí Ayọ̀mikún wọlé wá ya fọ́tò pélébé. Agùnbánirọ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé lẹ́bàá Sama Road. Ó rí kámẹ́rà àtijọ́ kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti ń padà sídìí fíìmù, òun pàápàá ní fíìmù méjì tó ń gbé àwọ̀ jáde nínú àpò. Ó wá bi Yísà bóyá kámẹ́rà yìí lè ya ilẹ̀ gbalasa, oko, odò àti òkè, kí gbogbo rẹ̀ sì mọ́ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yísà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò wá gba fọ́tò òkè? Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń yàwòrán, kò tíì ya nǹkan kan rí tí kò ní ẹni tí yóò wá gbà á.

Wọ́n lọ láàárín ọyẹ́, sórí òkè kan lẹ́yìn ìlú tó kọjú sí àfonífojì odò. Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀mikún bá wọn fọ fíìmù náà ní Èkó. Nígbà tí fọ́tò dé, gbogbo rẹ̀ rí bàìbàì bí ẹ̀kọ mímu. Táwà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Yísà fara ya. Ó ní kámẹ́rà ló ṣe é, òun yóò sì wá ẹ̀bi rẹ̀ jáde. Bí fíìmù kejì bá jáde tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ ilé ìwòsàn fún òun. Bí kò bá mọ́, òun yóò fẹsẹ̀ ara òun lọ. Táwà ní òun gbà, ó sì ní kí Ayọ̀mikún ṣe ẹlẹ́rìí.

Láti ọjọ́ náà ni Yísà ti di ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé kámẹ́rà sórí itan, ó ń fọwọ́ pa á kiri. Ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀: téèpù dúdú kan wà lára lẹ́ńsì. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Fathiat, àkọ́bí rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń jókòó sí níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí kámẹ́rà, ó sì ti de lẹ́ńsì mọ́ ibẹ̀ kó má baà máa yí i kiri. Òkè tó wà lọ́nà jíjìn ni wọ́n lọ fi ojú tó wà fún àga yà! Ihò tí èèyàn ń wò lára kámẹ́rà yẹn kò sì bá lẹ́ńsì tan, gbogbo nǹkan ló máa ń mọ́ níbẹ̀, kò lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Yísà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣí téèpù náà kúrò.

Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọwọ́ máa ń gbọ̀n, nítorí náà ó ní kí Abdulrasaq tó ń jó irin ní Sama Road ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún òun. Èyí tí ìyẹn ṣe wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn méjì fi ní láti gbé e. Eruku ọyẹ́ náà ń dí lẹ́ńsì lójú, wọ́n bá ní kí àwọn dúró de òjò. Ó ku bí òkúta ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àti òkè ọ̀hún-ún ṣe lè mọ́ pa pọ̀. Ayọ̀mikún ṣàlàyé pé bí ihò lẹ́ńsì bá ṣe kéré tó ni tòsí àti ọ̀nà jíjìn yóò ṣe mọ́ tó, àmọ́ kámẹ́rà yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ìmọ́lẹ̀ tó tó. Èyí ya Yísà lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Báwo ni ihò kékeré ṣe lè ríran ju ihò ńlá? Ó wá rántí pé òun náà máa ń dín ojú bí òun bá fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ èyí.

Nínú oṣù keje, lẹ́yìn òjò ńlá kan, wọ́n padà síbẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n so àpò yanrìn mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí afẹ́fẹ́ má baà mì í. Yísà yí ihò lẹ́ńsì títí ó fi kéré, ó ń fetí ka bó ṣe ń dún tá, tá, tá. Ó yí lẹ́ńsì lọ títí tó fi kọ̀, ó sì dá a padà díẹ̀, bíi fífẹ̀ ìka kan, kí òkúta ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà lè mọ́. Ayọ̀mikún rò pé ọgbọ́n àgbà iṣẹ́ ni, pé ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìwò ó. Yísà bi í bóyá ìkùukùu ti lọ. Ayọ̀mikún ní ojú ọ̀run mọ́ kedere. Yísà ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni fọ́tò dé. Ayọ̀mikún gbé e fún Yísà lójú Táwà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Yísà gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó gbé e lọ sójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní kámẹ́rà ti bàjẹ́ pátápátá, bàìbàì náà ló tún jáde.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ayọ̀mikún. Táwà gba fọ́tò náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì wò ó pẹ́.

“Bàbá Fathiat,” ó rọra sọ ọ́, “mo lè ka ewé tó wà lára igi yìí. Mo rí obìnrin méjì lóko, ọ̀kan wé gèlè pupa. Mo rí ọkùnrin kan tó ń fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó di igi lé e lẹ́yìn.”

“Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo?”

“Òun rèé.”

Yísà kọjú sí Ayọ̀mikún. Ó bi í bóyá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Iwájú wa níbẹ̀ ló gbà, ó sì pẹ́ kó tó kọjá tán.”

Yísà wá àga, ó jókòó. Òun ló dúró síbẹ̀, òun ló sì ya fọ́tò. Kámẹ́rà tó ti ń bú láti ọjọ́ yìí kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ó dùn ún wọra. Síbẹ̀, inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀, nítorí fọ́tò tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ kò tíì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde rí. Fọ́tò ti mọ́, Táwà sì pa àdéhùn mọ́: kò dárúkọ ilé ìwòsàn.

“Ìyá Fathiat,” ó sọ níkẹyìn, “ọjọ́ wo ni wọ́n ń gba èèyàn nílé ìwòsàn ojú yẹn?”

Táwà ní Mọ́ńdè ni. Yísà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú fọ́tò náà dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún òun mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ohun tó kù níbẹ̀, ojú ara òun ni òun fẹ́ fi rí i.