Orúkọ Tí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Lè Pè

Eyínfúnjowó ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí mi. Akọ̀wé tó kọ ọ́ fi etí Faransé gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ báyìí: Eyinfoundjowo. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sakété, ní apá ilẹ̀ Yorùbá tí Faransé ṣàkóso rí. Lọ́dọọdún, bí mo bá ti kọ orúkọ náà sójú pátákó, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kíláàsì. Àwọn ìbátan wa tó wà ní òdìkejì ààlà a tún máa bi mí pé kí ni “d” ń wá níwájú “j”. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bi Faransé.

Orúkọ yìí kọ́ ni bàbá mi sọ mí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ọmọ ọwọ́ ni o, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ ẹ̀yẹ ló gbọ́dọ̀ wá fún un. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àgbà gbé ìyàwó rẹ̀ wá sí Pobè láti Issaba, n kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Eyín mélòó kan ni mo ní lẹ́nu. Ìyàwó wò mí, ó ní eyín mi funfun ju owó ẹyọ lọ, ló bá ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ara ìyá mi kò yá nígbà náà, ẹ̀yìn ìyàwó yìí ni mo gbé dàgbà. Mo ń tọ̀ sí i lára, ó ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi.”

Nígbà tó yá tí mo tó lọ sílé-ìwé, wọ́n ní kò sí àyè fún ọmọ tí kò ní ìwé ìbí, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì máa parí ìforúkọsílẹ̀. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi wà lóko ní Towé, ìyá mi wà lórí ẹní àìsàn. Ìyàwó fà mí lọ́wọ́, ó di bírò, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìbí. Akọ̀wé béèrè orúkọ bàbá mi. Bàbá ọkọ rẹ̀ nìyẹn, kò lè pè é. Akọ̀wé béèrè orúkọ tèmi. Ìyẹn náà kò ṣeé pè. Akọ̀wé ti ń kánjú, ìyàwó sì ń bẹ̀rù kí n má pàdánù ilé-ìwé, ló bá sọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Bí orúkọ kan ṣoṣo ṣe wọ ìwé mi nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó bá a wí nílé, ṣùgbọ́n ó bá ara rẹ̀ wí. Títí di òní, bí wọ́n bá ti mú ìwé jáde níwájú rẹ̀, ojú á tì í.

Lọ́dún yìí, ìyàwó mi bí obìnrin. Orúkọ mi ni ọmọ náà máa jẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, inú sì bí mi. Èmi ti fara da ẹ̀rín tèmi, n kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Mo gba ilé ẹjọ́ lọ láti yí orúkọ mi padà kí ìwé rẹ̀ tó jáde. Wọ́n ní kí ẹni tó mú mi lọ sí bírò wá fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ mi gan-an, nítorí bàbá mi, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Mo lọ bẹ ìyàwó wa, ó ti darúgbó báyìí. Ó ní, “Màá pè é, ọkọ mi. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni màá tún un ṣe.” 

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó wé gèlè funfun. Adájọ́ bi í léèrè, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀: “Ìyá, kí ni orúkọ ọkùnrin yìí?” Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Adájọ́ tún béèrè. Mo rí i tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tó ń gbìyànjú bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó yí sí mi.

“Ọkọ mi, ẹ foríjì mí. Ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ mi sílé, n kò pe orúkọ rẹ̀ títí a fi sin ín. Báwo ni màá ṣe wá pe tiyín?”

Mo dìde, mo sọ fún adájọ́ pé mo ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. N kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ gbá ìyàwó wa mú, a sì jáde sínú oòrùn, àwa méjèèjì ń sunkún bí ọmọdé.

Ọmọ mi ti ní ìwé ìbí tirẹ̀ báyìí, Eyinfoundjowo wà níbẹ̀ gbọọrọ. Gbogbo àwọn tó máa ń fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pè mí ti lọ. Obìnrin yìí nìkan ló kù láyé tó ṣì ń yẹra fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ tó bá lọ, kò ní í sí ẹnikẹ́ni mọ́ tí orúkọ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.