Òru Kan Lórí Pákó Àǹtí Motọ́lání

Bí ẹ bá pe Bọ́lárìnwá káfíńtà pé kó wá wo ilé àtijọ́ fún yín, ẹ wá ibi tó máa sùn sílẹ̀ dè é. Kò ní wo ilé lọ́sàn-án kó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bàbá Àkàngbé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìpọ̀nrí, ló fi àṣà náà lé e lọ́wọ́. Ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí pákó ń sọ lọ́sàn-án, àmọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, èyí tó wà láàyè á máa dún, èyí tó ti kú á dákẹ́. Ìyàwó Bọ́lárìnwá ní irọ́ ni, oúnjẹ àlejò ni ọkọ òun ń wá kiri. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń sùn kiri ilé onílé báyìí. Kò sí ilé tó pè ní alààyè tó wó, kò sì sí èyí tó pè ní òkú tó jí.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nílé Àǹtí Motọ́lání. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lẹ́bàá kánáàlì kan lápá Ọ̀yìngbò. Bàbá bàbá Àǹtí ló kọ́ ọ: ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíríkì, òkè rẹ̀ pákó, fèrèsé rẹ̀ onígi. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, òun nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀. Adéníran, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, fẹ́ kí wọ́n wó ilé náà, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn wọ pákó lókè, nítòsí àtẹ̀gùn, lọ́jọ́ tó wá kí i. Àǹtí ní bí òun bá máa kúrò ńbẹ̀, kí wọ́n gbé òkú òun jáde ni. Wọ́n jà títí, wọ́n sì fẹnu kò pé ohun tí Bọ́lárìnwá bá sọ láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ni abẹ gé.

Ó dé nírọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn òjò. Omi kánáàlì ti kún dé etí, ó ń gbé ike àti ọ̀rá lọ. Àǹtí bu ìrẹsì àti ẹja yíyan fún un.

"Àbúrò mi, jẹun dáadáa o," ni Àǹtí wí. Bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tó ti wá tún òkè náà ṣe fún un. "Yàrá bàbá mi ni mo tẹ́ ẹní sí fún ọ. Ìwọ á máa gbọ́ ilé, èmi á máa gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́."

Nígbà tí àdúgbò parọ́rọ́, Bọ́lárìnwá fetí sílẹ̀. Pákó àtijọ́ ń dún ṣákáṣáká lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àgbà tó ń na ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Igi tó bá wà láàyè ló ń dún. Àmọ́ ìtòsí àtẹ̀gùn kò dún rárá.

Ó dìde, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì rọra hú pákó kan sókè. Ó fi òòlù kan àwọn igi ìdábùú àtijọ́ tó gbé ilẹ̀ dúró. Wọ́n le koko. Ó wá fọwọ́ kan àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ìka rẹ̀ sì wọ inú wọn lọ. Ikán ti jẹ wọ́n tán, awọ ló kù. Ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sára ọ̀kan: ẹẹ́rin, ìrù rẹ̀ gùn. Òun nìkan ló ń kọ ẹẹ́rin báyẹn.

Ìrókò ló ṣèlérí fún Àǹtí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó lọ sí Makoko, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, kò rí ìrókò ọ̀sẹ̀ yẹn. Kàkà kó dúró, ó ra àfàrà, igi tí ikán máa ń tètè jẹ, ó fi òróró dúdú pa á lára títí àwọ̀ rẹ̀ fi jọ ìrókò. Ta ló ń wo abẹ́ pákó? Àǹtí wà ní Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ ẹbí. Nígbà tó dé, ó gbàdúrà fún un. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Bọ́lárìnwá kò tiẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀, ojú ń tì í, òun nìkan. Tó bá ní ilé ti gbó, wọ́n á wó o, ẹ̀rí á sì bá a wó. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kò tún sùn mọ́.

Láàárọ̀, Adéníran dé. Àǹtí gbé tíì kalẹ̀.

"Mo ti rò ó lóru," ni Àǹtí wí. "Igi tí àbúrò mi yìí fọwọ́ ara rẹ̀ fi síbẹ̀ ni ẹsẹ̀ Adéníran jìn wọ̀. Ìrókò ni. Bí ìrókò Bọ́lárìnwá bá lè jẹrà, a jẹ́ pé ilé ti tán nìyẹn. Mo gbà kí wọ́n wó o."

"Ọ̀gá káfíńtà, ẹ ṣáà bá wa fi òǹtẹ̀ lù ú," ni Adéníran wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bọ́lárìnwá lára. Irọ́ tí Àǹtí gbà lẹ́nu rẹ̀ bí òótọ́ ló fẹ́ lé Àǹtí jáde nílé bàbá rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì gbé ègé kan lára igi tí ikán jẹ náà sórí tábìlì. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Àǹtí, kì í ṣe ìrókò. Àfàrà ni. Mo mọ̀ nígbà tí mo rà á. Ilé yín le, igi mẹ́rin tí mo fi síbẹ̀ nìkan ló bàjẹ́."

Adéníran wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àǹtí fi ìka gbá ìyẹ̀fun igi náà jọ sójú kan, bí ìgbà tó ń nu oúnjẹ tó dà sórí tábìlì.

"Ìwọ lo máa tún un ṣe," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ni màá sì bá ọ lọ ra igi."

Ní Mọ́ńdè, wọ́n jọ lọ sí Makoko. Àǹtí ní kó fá igi kọ̀ọ̀kan létí kí òun rí inú rẹ̀. Bọ́lárìnwá fá a, kò jiyàn. Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí gbé àga sẹ́nu àtẹ̀gùn, ó sì jókòó tì í títí ó fi kan ìṣó tó kẹ́yìn.

Ilé náà ṣì wà lẹ́bàá kánáàlì. Bí Bọ́lárìnwá bá ń kọjá, Àǹtí á kí i láti ojú fèrèsé, á sì béèrè ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Káfíńtà ló ń pè é báyìí.