Ìyàwó Tí Kò Lé Tìróò

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún náírà tí mo fi ra ìpara ojú kan lóṣù tó kọjá, ohun tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà ayé àtijọ́, ni wọ́n ń ta odindi búrẹ́dì ní Uwani, níbi tí àwọn òbí mi ń gbé ní Enúgù. Ní ilé oògùn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa ní irú ìpara yẹn. Òun ló wo ojú àbúrò mi obìnrin sàn.

Agbègbè Ìlọrin la ti wá. Bàbá mi ń ránṣọ, ìyá mi ń ta abọ́. Nínú àgbàlá wa, Yorùbá làwọn àgbà ń sọ. Àwa ọmọ ń fi Ìgbò àti Píjìn bú ara wa. Ìsinmi ni mo wá lò nílé lọ́dún tí àbúrò mi fẹ́ relé ọkọ, kí ogun abẹ́lé tó dé.

Bí ìgbéyàwó bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó máa ń péjọ láti bá a lé tìróò. Tìróò kan, igi rẹ̀ kan. Ìyàwó á kọ́kọ́ lé tirẹ̀, igi náà á máa lọ láti ojú dé ojú, á sì tún padà sọ́dọ̀ ìyàwó. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á ní kò fẹ́ ire fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá àbúrò mi lé tirẹ̀, ojú ọ̀kan nínú wọn pọ́n. Ó ní eruku ni. Òmíràn nínú wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́:

“Eruku kẹ̀? Ẹkún lo sun, torí ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ lọ sílé ọkọ ṣáájú ẹ!”

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gba igi, ó lé tìróò.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àbúrò mi jí láàárọ̀ tí kò lè lajú. Ipin tó ki bí ọyún ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀. Ìyá mi ti ń wá abiyamọ tí yóò fún omi ọmú sí i lójú. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú.

“Bọ̀dá mi, ṣé mi ò ní fọ́jú báyìí?”

Mo ní kò ní fọ́jú, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀. Mo mú òun àti ìyá wa lọ sí ilé oògùn.

Obìnrin Ìgbò ni nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀. Ó fọwọ́, ó rọra la ojú náà. Ó ní ojú pípọ́n tó ń ṣomi lásán sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe ọyún tó ń lẹ ojú pọ̀ ń fẹ́ oògùn. Ó wá béèrè ohun tí wọ́n ń lò pọ̀ nílé.

“Kò sí,” ni ìyá mi wí.

“Tìróò,” ni àbúrò mi wí.

“Ẹ sọ ọ́ nù,” ni nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá mi wò mí. “Sọ fún un pé ìyá mi ló fún mi, kí wọ́n tó gbé mi wá síbí.”

Mo sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. “Sọ fún ìyá ẹ pé tìróò mìíràn wà lọ́jà. Ojú ńkọ́?”

Ó fún wa ní ìpara, ó sì kọ́ wa bí a ó ṣe máa fi omi sísè tó ti lọ wọ́ọ́rọ́ nu ojú náà, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ ọ́ nù. Kí a fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí a fún ìpara sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnu túùbù ìpara náà kan ojú. Kí tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dá wà. Bí ojú bá tilẹ̀ mọ́, kí a má dáwọ́ dúró títí iye ọjọ́ oògùn yóò fi pé. Bí ó bá ń dùn ún gidi, tàbí tí ìríran rẹ̀ ń ṣú, kí a sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Kò sì gbọdọ̀ lé tìróò kankan, títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó.

Bí a ṣe délé, ìyá mi mú ọkọ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ri tìróò náà mọ́lẹ̀.

Ojú àbúrò mi ti ń mọ́ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Ìlọrin pẹ̀lú tìróò tuntun. Ó ti yọ igi jáde.

“Ìyàwó wo ni ò lé tìróò? Opó ni kì í lé e. Ṣé opó lẹ fẹ́ fún mi ni?”

Ìyá mi kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ìyá náà mú.

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ríran. Bó bá fọ́jú, ẹ̀yin lẹ ó máa fà á lọ́wọ́ lọ pọnmi.”

Ìyá ọkọ fi igi padà sínú àpò.

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná, mi ò ní gbọ́ pé ojú ni o!”

Ẹ̀rín sọ. Ojú lásán ni àbúrò mi fi lọ sílé ọkọ, ojú tó mọ́ tónítóní.

Ìyá mi ti kú, ìyá ọkọ náà ti kú. Nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò mọ̀. Ogun dé, gbogbo wa fọ́n ká. Nínú àwọn ọmọbìnrin tó jókòó yí tìróò ká, mo gbọ́ pé ọ̀kan ṣì wà ní Ọ̀fà. Ọkọ àbúrò mi kú lọ́dún tó kọjá. Àbúrò mi wà. Ó ń fi ojú ara rẹ̀ ka Kùránì láràárọ̀.