Táǹkì Ẹja Tí Mo Gbé sí Pálọ̀

Ìró omi tó ń ṣàn lójú gíláàsì ni mo fi ń sùn, òun náà ni mo fi ń jí, ní ọdún tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa ní Ìkàrẹ́. Fóònù ni mo ń tún ṣe nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ní wáyà tàbí páìpù tí ọwọ́ mi ò ká. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó lọ sílùú mìíràn ló fi táǹkì ẹja ńlá rẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Mo fẹ́ kí omi rẹ̀ máa mọ́ fúnra rẹ̀, bí mo ṣe rí i nínú fídíò: kí omi ti òkè ṣàn sínú táǹkì kékeré kan nísàlẹ̀, kí ó gba inú fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́ kọjá, kí pọ́ǹpù sì dá a padà sókè. Ṣùgbọ́n táǹkì náà ò níhò, ẹni tó ń gé gíláàsì sì ní bí òun bá gbìyànjú láti lu ú, fífọ́ ni yóò fọ́. Ni mo bá fi páìpù títẹ̀ kọ́ etí rẹ̀, kí ó máa fa omi jáde. Ó ṣiṣẹ́! Mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó. Táǹkì kékeré wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ táǹkì ńlá, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Ìyá ìyàwó mi ti wá láti Ọ̀kà láti bá wa wẹ ọmọ. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n á sùn díẹ̀ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn tí wọ́n ń fọ ìró wọn lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ sígbà náà, ìró ọ̀hún tún wà lórí okùn, ẹní náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi fà mí wọ yàrá.

"Ẹní Màmá tún tutù rinrin. Mo rò pé ara àgbà ló dé."

Èmi ni mo lọ ra rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ fún ẹni tó ń tọ̀ sílé. Àwa méjèèjì la jọ tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ ibùsùn wọn. A rò pé àánú là ń ṣe, pé wọn ò ní mọ̀.

Wọ́n mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n jókòó sétí àga bí àlejò. Wọ́n ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ l'Ọ̀kà. Ará Òkè-Àgbè ni mí, n ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń sunkún.

"Bàbá ìkókó, mo fẹ́ máa lọ," ni wọ́n wí, wọn ò wojú mi. "N ò lè máa fi irú ara yìí gbé ọmọ tuntun."

Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni iná lọ. Pọ́ǹpù dákẹ́, a sì gbọ́ omi tó ń dà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣí i. Omi ti kún táǹkì kékeré dẹ́nu, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, síbi tí Màmá máa ń sùn gan-an. Ẹnu páìpù tó ń dá omi padà sókè ló rì jù nínú táǹkì ńlá. Bí pọ́ǹpù bá ti dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wálẹ̀. Ìgbà tí iná wà nìkan ni mo dán an wò. Ní Ìkàrẹ́ níbí, tí iná kì í dúró!

Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ṣé omi ẹja nìyí?"

"Omi ẹja ni, Màmá. Òun ló ń mú ẹní yín tutù."

Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀. "Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú mi lọ kí ẹ tó mọ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi náà.

"Ẹ dìde, ẹ̀wù yín ń tutù," ni wọ́n ní.

Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sára páìpù náà nítòsí ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dá omi dúró bí iná bá lọ. Kò gbà mí lákòókò rárá. Màmá tú ẹrù, wọ́n dúró títí ọmọ fi mọ ojú wọn.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, táǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́. Omi tó dà kọ́ ló ń tì mí lójú. Rọ́bà yẹn ni, àti bó ṣe rọ̀ wá lọ́rùn láti gbà pé ara Màmá ló bàjẹ́, láìsí ẹni tó wo ilẹ̀. Wọn ò mẹ́nu kàn án láti ọjọ́ náà. Ì bá tù mí lára ká ní wọ́n bú mi.