Bẹ́ẹ̀dì Ìrókò Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń fi iṣẹ́ káfíńtà bọ́ mi ní Àpòmù.

Wọ́n gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin fún mi láti Èkó, fún ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ní ikùn méjì, tí atẹ́gùn ń fi ìgbòkun tì lọ. Ìrókò ni mo fi kàn wọ́n, nítorí lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀dì tí ọkùnrin méjì bá gbé láì mí hẹlẹ, wọn a ní kò dáa.

Nígbà tí a kó wọn wọnú rẹ̀ ní Èkó, ọkọ̀ náà rì kọjá ìlà tí wọ́n fà sí i lára láti fi ibi tó yẹ kí omi mọ hàn.

Ọ̀gá tó kan ọkọ̀ ní, "Áà, Àáfà! Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ sójú omi ni? Kò lè sáré mọ́."

Àyà mi já pé iṣẹ́ ti bọ́. Mo ní, "Ẹ ò ṣe yọ yàrá kan?"

"Ẹni tó ni ín fẹ́ yàrá mẹ́rin, ó tún fẹ́ eré."

Mo ra arère, igi fífúyẹ́, ní Ìkirè, mo tún gbogbo rẹ̀ kàn, mo fi ìrókò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo gbé wọn wọlé. Ìlà náà tún hàn lókè omi, ọkọ̀ sì sáré. Mo kàn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fò lórí wọn.

Ìwọ tó ń kà á, kí Ọlọ́run fún ọ ní ìsinmi àti ìlọsíwájú pa pọ̀. Àmín.