Ta Ló Ń Gbé Alága?

Ọmọ oṣù mẹ́rin péré ni, àmọ́ Alága ni wọ́n ń pè é nínú ilé, nítorí ìgbà tó bá wù ú ló ń pèpàdé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ má yọjú. Ìyá rẹ̀ ń gé aṣọ nílé ìránṣọ kan. Bàbá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì: alẹ́ ló ń lọ síbi iṣẹ́, aago mẹ́rin ìdájí ló ń wọlé.

Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ máa sùn lórí ibùsùn tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ìyá ọkọ ní, "Gbọ́ mi o, ọmọ wo ló ń sùn láì gbóòórùn ìyá ẹ̀? Ìwọ ṣáà gbé e mọ́ra." Kó má bàa ṣẹ̀ wọ́n, obìnrin náà pín òru. Alága á sùn lórí tirẹ̀ títí di aago mẹ́fà, ìgbà yẹn ni yóò tó wá mu ọmú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì tún rẹjú díẹ̀.

Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, tí aago mẹ́rin bá kọjá díẹ̀, igbe Alága ló ń jí i, ọmọ náà á sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn ńlá. Ta ló gbé e? Òun kọ́. Àbí òun ni? Kò rántí pé òun dìde. Ọkọ rẹ̀ á ti wà ní balùwẹ̀, á máa fọ ìyẹ̀fun kúrò lára.

"Bàbá Alága, ó dà bíi pé mo ń gbé ọmọ lójú oorun. Tí mo bá jù ú sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, oorun kùn ún débi pé apá òsì méjì ló gé fún ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ọ̀gá rẹ̀ gbé méjèèjì sókè, ó wò wọ́n títí. "Tó bá tún ṣẹlẹ̀, wàá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, wàá padà sídìí aṣọ lílọ̀." Ọdún méje ló fi lọ aṣọ kí wọ́n tó fún un ní àlùmọ́gàjí yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi téèpù tó fi ń wọn aṣọ so ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ibùsùn. Nígbà tó jí, téèpù kò tú, Alága sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn yó á ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò mọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á.

Lóru ọjọ́ kejì, ó dijú, kò sùn. Ilẹ̀kùn ṣí pẹ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú òórùn búrẹ́dì, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó gbé Alága láti orí ibùsùn kékeré, ó fi imú ra á níkùn. "Alága mi, mo ti dé o."

Ìyàwó dìde jókòó fùú. "Ìwọ ni! O jẹ́ kí n máa rò pé orí mi ti dàrú! Mo so ara mi mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, o rí i, o ò sọ̀rọ̀!"

Ọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò gbé ọmọ sí. "Tí mo bá ń lọ síṣẹ́, ó ti sùn. Tí mo bá jí lọ́sàn-án, ó ti wà lọ́dọ̀ màámi. Tó bá fẹ́ sunkún báyìí, mo máa ń tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, mo máa ń sá lọ balùwẹ̀. Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ní kí n fi í sílẹ̀ kó sùn."

Ohun tí obìnrin náà ìbá sọ gan-an nìyẹn. Inú ń bí i, àánú ń ṣe é, kò mọ èyí tí yóò mú jáde níbẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Alága bá bú sẹ́rìn-ín lápá bàbá rẹ̀, ẹ̀rín olóhùn, tí gbogbo ara ọmọ náà ń mì. Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ó yára wo ojú ọkọ rẹ̀. Kò ya ọkùnrin náà lẹ́nu rárá.