Ta Ló Máa Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ Nílé Aránṣọ Wa

Ìpàdé ti sú mi kí n tó pé ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, tí wọ́n ní ayé tuntun ti dé, kò sí ohun tí a kì í ṣèpàdé lé lórí ní Àjàṣẹ́. Ìpàdé àdúgbò, ìpàdé obìnrin, ìpàdé lórí gbígbá títì. Àwa aránṣọ méje tí a kó ara wa jọ sí ilé kan ní Dowa náà ní tiwa. Nítorí pé mo mọ Faransé kọ díẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n máa darí rẹ̀.

Aṣọ kákì àwọn ọmọ ilé-ìwé là ń rán. Èmi ni mo dábàá pé ká má ṣe dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí. Ká rán mẹ́wàá péré lọ́sẹ̀ kan, ká parí wọn títí dé bọ́tìnnì, ká sì tẹ́ wọn sórí tábìlì láàárọ̀ Jímọ̀. Olùkọ́ tí ilé-ìwé yàn á wá wò ó. Èyí tí kò bá dára, a ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì. Lẹ́nu, ó rọrùn.

Ọ̀gá mi ló ń gé aṣọ fún gbogbo wa. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Tokpota. Ojú rẹ̀ ti wá ń ṣe bàìbàì. Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé ọrùn ẹ̀wù wọ́ sí òsì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà níjòókòó, ọrùn kákì ń wọ́, kò sì sẹ́ni tó lanu.

Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá á gbé ẹ̀wù kan sókè, á ní, "Iṣẹ́ yìí dáa." Ta ni yóò wá sọ pé kò dáa? A ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Olùkọ́ á pè wá ní kàmárádì, bí àwọn ológun ṣe ní ká máa pe ara wa, á ní ìjà ń tẹ̀síwájú, a ó pàtẹ́wọ́, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo rẹ̀ dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ irọ́ yẹn. Ó rẹ̀ mí ju wíwa ẹ̀rọ lọ.

Ní Jímọ̀ kẹta, olùkọ́ ní bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á kó àwọn ọmọ wá, kí wọ́n wọ̀ ọ́ lójú gbogbo wa. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, mo ti dójú ti ẹni tó sọ mí di èèyàn. Mo bá dá ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́rú, mo pe àwa méje jọ sídìí ẹ̀wù ọ̀sẹ̀ náà, mo ní ìlànà ti yí padà: ẹni tó dé kẹ́yìn sínú ẹgbẹ́ ni yóò máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà ni yóò máa kádìí rẹ̀. Nínú ayé tuntun, ta ló fẹ́ jiyàn?

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni obìnrin kan tó máa ń ti Akpro-Missérété wá, tó ń bá wa rán bọ́tìnnì. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Èmi ń wo ìwé mi.

"Ẹ má bínú, bàbá," ló wí. "Ọrùn ẹ̀wù ń wọ́."

Ọ̀gá mú ẹ̀wù náà, ó ká a sí méjì, ó fi ìka tọ ọrùn rẹ̀.

"Ó ti pẹ́?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, bàbá."

"O ṣeun, ìyá." Ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi.

A tú gbogbo ọrùn, mo tún wọn gé. Nígbà tó di Jímọ̀, àwọn ọmọ wọ̀ ọ́, ó bá wọn mu, iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ wa. Gbogbo wa sọ̀rọ̀ tán, ó ku àgbà. Ọ̀gá ní kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ.

Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń wo ọrùn ẹ̀wù," ó ní. "Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ilé mi kò jìnnà. Kí ló dé tó o fi ní láti yí ìpàdé padà kó o tó lè bá mi sọ̀rọ̀?"